Àkàndá Ẹ̀dá ní Òkè-Ògùn

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, àtẹ̀gùn tó ju 300 lọ ló máa gùn. Òkè yìí kan náà ni àwọn ará ìlú sá sí lásìkò ogun. Arọ tó bá wà láàárín wọn nígbà náà, àfi kí ẹnìkan pọ̀n ọ́n, tàbí kó tètè gbéra. Òwe Yorùbá kan bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ mu: ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àkàndá ẹ̀dá ni orúkọ tó ń gbilẹ̀ báyìí fún ẹni tí ojú, etí, ẹsẹ̀, ọpọlọ tàbí àwọ̀ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Abirùn ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe afọ́jú tí ibà kò mú rí. Àwọn mìíràn ń sọ pé aláàbọ̀ ara, èyí tó sọ odindi ènìyàn di ìlàjì. Èyí tó dùn mí jù ni ti ojú ọjà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe àgbàlagbà: Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bímọ mẹ́rin, tó sì kọ́ ilé, "bàbá arọ" ni wọ́n á máa pè é. Àwọn àgbà tó ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá, Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe àṣìṣe. Báyìí ni abuké, arọ, àfín àti aràrá ṣe dáyé. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó gbà wọ́n bí ọmọ ara rẹ̀, ó sì sọ ẹmu di èèwọ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn yìí, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ, kò sì sí lọ́rùn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi léèrè: ṣé ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún? Ṣé ó fi ẹnìkan rẹ́rìn-ín? Ta ló ṣẹ̀?

Ìbéèrè yìí wọ inú agboolé nítorí pé ìdílé ni Yorùbá ń fẹ́, kì í ṣe ènìyàn kan. Kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ, wọ́n á ṣe ìwádìí bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà nínú ẹbí náà. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n bá yarọ, ẹ̀rù a máa ba ìyá pé kò ní í sí ẹni tó máa fẹ́ àbúrò. Lọ́jọ́ tí àna bá ń bọ̀, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ọmọ náà sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyá tó tì í mọ́lé yìí jẹ́ ẹni kan náà tó ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ ni pé ọjọ́ ayẹyẹ ni ilẹ̀kùn máa ń tì.

Àwọn àrùn kan wà tó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di àkàndá ẹ̀dá. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló rọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ wọ́lẹ̀ rìn lónìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé irú rẹ̀ tó jẹ́ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ní etí odò Ọ̀fíkì àti Ọyán, eṣinṣin kékeré kan tó ń jẹni ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú káàkiri. Kí ó tó dé ojú, ó ti ba àwọ̀ ara jẹ́: ara á máa yúnni, ojúgun á sì là ní funfun bí ara ẹkùn. Ní ọdún 1998, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìtìjú tí àwọn tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ létí odò méjèèjì yìí ń kó. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni òun yóò máa fi Mectizan, oògùn àrùn yìí, sílẹ̀, àwọn tí abúlé fúnra wọn yàn ló sì ń pín in lójúlé sí ojúlé.

Ti adití tún ṣòro lọ́tọ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ báyìí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè àmì tí Foster gbé wá, láti Amẹ́ríkà ni. Ọmọ á kọ́ ọ dáadáa. Tó bá padà sílé lásìkò ọlidé, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ń sọ, wọ́n á sì padà sí ìwọ̀nba àmì tí wọ́n jọ dá nínú ilé: oúnjẹ, omi, wá, lọ. Ta ni yóò sọ oríkì rẹ̀ fún un?

Lẹ́nu iṣẹ́, òfì tí Ìsẹ́yìn fi lókìkí ń fẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé lè ká òwú, kó sì ta aṣọ. Síbẹ̀, bó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ níwájú ìsọ̀ ara rẹ̀, ẹnìkan á ju owó sí i lẹ́sẹ̀, á ní sàráà ni. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ sọ di ẹni orí kẹ̀kẹ́ ní 1997, di olórin ńlá, ó sì dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ọdún 5 ni òfin náà fún àwọn ilé ìlò gbogbogbò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ó ti pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024, àtẹ̀gùn ṣì wà lẹ́nu báńkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngán ìlú. Òfin náà tún ní bí èrò bá tò, kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá ẹ̀dá lóhùn. Èyí kò nílò sìmẹ́ǹtì. Kí ẹni tó wà níwájú sún sẹ́yìn ni.