Ẹni Tó Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Kò Fi Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní Titirou, gẹ́gẹ́ bí ní àwọn àdúgbò Parakou yòókù ní Benin, bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wàhálà ibẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kí ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá? Èrò yìí dàgbà ju òfin iṣẹ́ tó wà lónìí lọ. Ó ti inú ayé kan wá níbi tí ọ̀nà méjì péré wà fún ẹni tí iṣẹ́ ń pa: kó san gbèsè tó dè é mọ́lẹ̀, tàbí kó sá. Ìtàn ilẹ̀ yìí fi hàn pé ayé náà ti kọjá, àti pé ẹni tí ìnira lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ní ohun tó lè béèrè, bí ó bá gba ọ̀nà tí àwọn tó ṣáájú fi òógùn là.

Láàárín Yorùbá, ìwọ̀fà ni àpẹẹrẹ àtijọ́ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń san èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá, Samuel Johnson sì tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú kò kúrò lára rẹ̀. Bí olówó bá le jù, ẹbí lè wá ẹlòmíràn tí yóò san gbèsè náà, kí ìwọ̀fà máa lọ sin ẹni tuntun. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí ẹrù já lé lórí: ẹni tí wọ́n ni lára ló ń wá owó kiri. Nígbà tí Faransé dé, ọ̀rọ̀ burú sí i, nítorí wọ́n ń fi tipátipá kó ènìyàn la ọ̀nà, wọ́n sì ń fi wọ́n ru ẹrù. Ní Borgu, ẹkùn tí Parakou wà, ìnira yìí pẹ̀lú kíkó àwọn ọ̀dọ́ sógun wà lára ohun tó mú kí jagunjagun Bio Guéra gbé ogun dìde, tó sì kú sójú ìjà ní oṣù Kejìlá 1916. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ nípa àwọn Yorùbá abẹ́ Faransé tó ń rékọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà kí wọ́n lè bọ́. Ọ̀tẹ̀ ló pe irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sá kò gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà.

Reluwé ló mú irú ìjà mìíràn wọ Parakou. Ọ̀nà irin tó gùn tó kìlómítà 438 láti Cotonou dé ìlú yìí ní àwọn ọdún 1930, ibẹ̀ ló sì parí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Niger ni wọ́n fẹ́ kó dé. Ní 11 Oṣù Kẹrin 1946, òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Ní 10 Oṣù Kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà, tí àwọn ti Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà) wà nínú wọn, yanṣẹ́ lódì. Wọ́n fẹ́ kí ìlànà kan náà de aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, ìyanṣẹ́lódì náà kò sì parí pátápátá títí di 19 Oṣù Kẹta 1948. Àwọn wọ̀nyí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìsá. Wọ́n dúró, wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì béèrè àtúnṣe. Òfin iṣẹ́ ti 15 Oṣù Kejìlá 1952 tẹ̀ lé e: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, Dahomey ṣe ìwé òfin iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1967, Benin sì ṣe tuntun ní 27 Oṣù Kínní 1998. Ìwé 1998 yìí pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ olùbẹ̀wò iṣẹ́, ní ọ́fíìsì tí a ń pè ní inspection du travail, ni wọ́n ń gbé e lọ kọ́kọ́ fún ìlàjà. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, ó di ilé ẹjọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí wọ́n lé kúrò ni òfin wọ̀nyí wà fún, kì í ṣe ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé. Àtakò tó lágbára ni, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní Faransé, níbi tí òfin wa ti ṣẹ̀ wá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní 25 Oṣù Kẹfà 2003 pé bí òṣìṣẹ́ bá kúrò nítorí ẹ̀ṣẹ̀ agbanisíṣẹ́, tí ẹ̀rí sì fìdí ẹ̀ṣẹ̀ náà múlẹ̀, wọ́n lé e láìtọ́ ni. Bí ẹ̀rí kò bá tó, ó di ìfiṣẹ́sílẹ̀ lásán. Ilé ẹjọ́ iṣẹ́ Nàìjíríà náà ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n fúngun mọ́ títí ó fi kọ̀wé. Ní ti másùnmáwo gan-an, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dá ìjọba ìbílẹ̀ Northumberland lẹ́bi ní 1994. Òṣìṣẹ́ wọn kan ti ní àárẹ̀ ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ó padà dé, wọ́n tún di ẹrù kan náà lé e, àìsàn náà sì padà. Ohun tó gbé ẹjọ́ náà ró ni pé ọ̀gá ti mọ̀. Ọgbọ́n yìí bá òfin 1998 wa mu: bí ìlera òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ojúṣe ọ̀gá, ẹni tó ba ojúṣe náà jẹ́ kò lè fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ bojú.

Àwọn mìíràn á ní òṣìṣẹ́ Titirou kò ní ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé òfin yìí kò dáàbò bo ẹni tó ń wa zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, lè fi ẹlẹ́rìí tàbí ẹ̀rí mìíràn gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún lè ní owó tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí òfin 2017-05 ti 29 Oṣù Kẹjọ 2017 fi ààlà sí owó gbà-má-bínú ìlénikúrò láìtọ́: láti owó oṣù 3 sí owó oṣù 9. Èmi náà gbà pé ààlà yẹn le, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa bá a jà. Ṣùgbọ́n owó oṣù 3 fún ẹni tí ìlera rẹ̀ ti bàjẹ́ dára ju òfo tí ẹni tó sá lọ ní ayé Faransé gbà.

Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí o tó kúrò, kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá rẹ, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà. Lọ rí dókítà, gba ìwé. Kọ ìdí tí o fi ń lọ sínú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ, má kàn dúpẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sọ́dọ̀ olùbẹ̀wò iṣẹ́ kí ọjọ́ tó lọ jìnnà.