Àdàlù Èlò Nínú Ìwé Ìyàwòrán Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Àdàlù èlò ni kí ayàwòrán lo ohun èlò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú iṣẹ́ kan ṣoṣo: èédú pẹ̀lú ọ̀dà olómi, íńkì pẹ̀lú àjákù ìwé ìròyìn, kíréyọ́ọ̀nù pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́. Inú ìwé ìyàwòrán, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pè ní sketchbook, ni wọ́n ti ń dán irú àdàlù bẹ́ẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ ohun tí èlò kan yóò ṣe sí èkejì kó tó gbé e lọ sórí kánfáàsì tàbí pákó. Ojú ìwé tó bàjẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ wúlò ju èyí tó rẹwà lọ, bí ẹni tó ni ín bá ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etí rẹ̀.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ọdún 1912 ni àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, Pablo Picasso mú irú aṣọ olóròóró tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, èyí tí wọ́n ti tẹ àwòrán àga oníhun sí lára, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán tó ń kùn lọ́wọ́, ó sì fi okùn yí gbogbo rẹ̀ ká dípò férémù. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Georges Braque ra bébà ara ògiri tó jọ pákó ní ìlú Avignon, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì fi èédú yàwòrán lé e. Láti 1919 ni Kurt Schwitters ti ń ṣa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, bébà ìdìǹkan àti ègé igi nílẹ̀ ní Hannover, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ó pe gbogbo rẹ̀ ní Merz, èyí tó gé jáde lára orúkọ báǹkì kan nínú ìpolówó.

Ọdún tí lílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ọnà ńlá ni 1912 yẹn, ṣùgbọ́n àdàlù ti wà tipẹ́. Ní Ítálì ní ọ̀rúndún 15, àwọn ọmọṣẹ́ a máa lọ eegun sísun, wọn a pò ó mọ́ gúlúù, wọn a sì fi kun bébà. Lórí rẹ̀ ni wọn yóò ti fi gègé onífàdákà yàwòrán, kí wọ́n tó fi íńkì tí wọ́n bomi là ṣe òjìji, kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun tan ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà. Ohun èlò mẹ́rin nìyẹn lórí bébà kan, kò sì sẹ́ni tó pè é ní àrà.

Ìda, láfún àti omi

Bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ìwé ìyàwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, méjì tí Henry Moore yà ní London láàárín 1940 sí 1941 ni n óò tọ́ka sí. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ń rọ̀ lóru, àwọn ará ìlú sì ń sá lọ sùn sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Moore, tó jẹ́ agbẹ́lére, a máa lọ wò wọ́n. Bó bá padà délé ní ń yà wọ́n. Ó ń fi pẹ́ńsùlù àti íńkì fa ìlà, ó ń fi kíréyọ́ọ̀nù onídà kọjá lára ibi tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà, lẹ́yìn náà ló ń da ọ̀dà olómi dúdú lé gbogbo rẹ̀. Omi kì í mú lára ìda. Gbogbo ibi tí kíréyọ́ọ̀nù bà yọ kúrò nínú òkùnkùn, àwọn tó ń sùn náà sì dà bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta. Nígbà tó ń fi kíréyọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú yàwòrán fún ọmọdé kan nínú ẹbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n yìí. Ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì wà ní British Museum.

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò ní ya ẹnu sí ọgbọ́n náà. Òun gan-an ló wà nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á po láfún, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sì sè é di ẹ̀kọ. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń yà á sára aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n a máa lo páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí. Bí aṣọ bá wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán yóò hàn. Mo ti rí olùkọ́ tó ń fi ìwé òkèèrè kọ́ni bí ìda ṣe ń lé omi, tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kọ láfún ṣiṣẹ́ lórí bébà tó nípọn pẹ̀lú: kí ó gbẹ dáadáa, kí wọ́n kun íńkì lé e, kí íńkì gbẹ, kí wọ́n wá rọra họ ẹ̀kọ kúrò. Ó máa ń sán bó bá gbẹ, íńkì á sì gba ojú sísán náà wọlé. Àwọn kan a máa fi bó ṣe sán ṣe ẹwà.

Èwo ló ṣáájú?

Ètò ló ń da ọ̀pọ̀ ojú ìwé rú. Ọ̀dà olómi ti gbẹ bí omi rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ti olóròóró kò rí bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń sọ òróró inú rẹ̀ di líle, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀pọ̀ oṣù. Omi ni wọ́n fi ń po àkírílíìkì, àmọ́ bó bá gbẹ tán, ó di awọ oníke tí omi kò lè tú mọ́. Nítorí náà, ọ̀dà olóròóró lè gun orí àkírílíìkì. Àkírílíìkì kì í gun orí olóròóró, torí yóò ṣí kúrò lára rẹ̀. Pẹ́ńsùlù kì í mú lórí ìda. Èédú ń mú dáadáa lórí ojú tí kò dán, ó sì ń yọ̀ lórí èyí tó ń dán.

Bébà náà kì í dákẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe fótókọ́pì wọn gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Bébà ọ̀dà olómi tó dára máa ń tó 300. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìyàwòrán wà láàárín méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń ká kò bí omi bá pọ̀ lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n á lẹ ojú ìwé méjì pọ̀, tàbí kó fi jẹ́sò, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀, kùn ún. Ẹni tí owó jẹ́sò bá ga jù fún a máa po ọ̀dà ilé funfun mọ́ gúlúù funfun ti káfíńtà, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà débi tí ìwé ìyàwòrán nílò.

Ọ̀nà kékeré pọ̀ tí kò ná ènìyàn ní nǹkan. Bí wọ́n bá wọ́n iyọ̀ sórí ọ̀dà olómi tó ṣì tutù, yóò fa omi mọ́ra, yóò sì fi àmì bí ìràwọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé bébà lé pákó tàbí ara ògiri, tí wọ́n sì fi èédú pa á, ojú ohun tó wà lábẹ́ yóò wá sókè. Ní 1925, pákó ilẹ̀ ilé ìgbàlejò kan létí òkun ní Faransé ni Max Ernst kọ́kọ́ pa báyìí, ó sì sọ ọ́ di ọ̀nà iṣẹ́. Íńkì dúdú Quink máa ń pín sí búlúù àti àwọ̀ ilẹ̀ bí omi bá kàn án, bílíìṣì aṣọ á sì sọ ọ́ di àwọ̀ bíi wúrà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí òwú ni kí wọ́n fi kun bílíìṣì, nítorí ó ń jẹ irun búrọ́ọ̀ṣì. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí ásíìdì mìíràn, torí gáàsì olóró ni yóò jáde.

Ní Nàìjíríà

Ní Òṣogbo, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier darí ní 1964, àwọn tó wá kò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lẹ́yìn. Twins Seven Seven ń fi íńkì àti ọ̀dà ṣiṣẹ́ lórí páálí àti pákó. Jimoh Buraimoh, tó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tó wà lára adé ọba, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó sì kun ọ̀dà sáàárín rẹ̀. Ní 1967, ásíìdì jẹ awo ìtẹ̀wé tí Bruce Onobrakpeya ń ṣe kọjá ààlà. Ó tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà ìtẹ̀wé jíjinlẹ̀ tó pè ní plastograph sì ti ibẹ̀ jáde.

Ti Ifẹ̀ ló wù mí jù. Ní 1989, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde bíi Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání àti Bọ́lájí Campbell dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Wọ́n wo àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ òrìṣà Akirè, wọ́n sì padà sídìí ilẹ̀, ẹfun, osùn àti èédú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ erùpẹ̀ pupa, tó sẹ́ ẹ, tó fi gúlúù pò ó, tó sì kùn ún sí ìwé rẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé gúlúù díẹ̀ ń jẹ́ kó máa gbọ̀n dànù, gúlúù púpọ̀ sì ń pa àwọ̀ rẹ̀.

Ní ìran òde òní, Njideka Akunyili Crosby, ọmọ Enugu tó ń gbé ní Los Angeles, ti gbé ọgbọ́n yìí dé ibi gíga. Lórí bébà ńlá ló ń ṣiṣẹ́, àkírílíìkì, èédú, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ àti àjákù lílẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tó fi kẹ́míkà ṣí láti ara bébà kan sí òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe èyí tó rọrùn: kí ó kun jẹ́ẹ̀lì àkírílíìkì sójú fótókọ́pì, kí ó da ojú rẹ̀ dé ìwé, kí ó jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ó wá fi omi rẹ ẹ̀yìn bébà, kí ó sì fi ìka rọra pa á kúrò. Fótókọ́pì tàbí ẹ̀rọ léésà ló ń gbà bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́búlẹ́bú ike ni íńkì wọn. Ti ẹ̀rọ tó ń tú íńkì olómi yóò fọ́n ká.

Ìdánwò àti ìtọ́jú

Nínú GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama ti England, èròǹgbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ọnà, ìdọ́gba ni máàkì wọn, ọ̀kan nínú wọn sì dá lórí yíyan èlò àti dídán an wò. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kó jọ fúnra rẹ̀ ló gba ìdá 60 nínú 100. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ti bí àṣà kan: akẹ́kọ̀ọ́ á kó bọ́tìnì, òwú, ìyẹ́ àti ọ̀dà wúrà sójú ìwé kan bí àtẹ ìyá ọlọ́jà, láìsí ìdí tí ọ̀kan fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Èlò méjì tí wọ́n dán wò ní ọ̀nà mẹ́fà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀, ń fi ìrònú hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé tí àdàlù pọ̀ nínú rẹ̀ ń wú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ya. Àwọn kan a máa gé ojú ìwé díẹ̀ kúrò láàárín kí àyè lè gba ohun tí wọ́n lẹ̀. Ojú àkírílíìkì méjì tó bá kọjú síra máa ń lẹ̀ mọ́ra nígbà ooru, pásítẹ̀ẹ́lì olóròóró kì í sì gbẹ tán láé, nítorí náà bébà onídà ni wọ́n ń fi sáàárín wọn. Ìwé ìròyìn á pọ́n, á sì máa rún, torí ohun tó wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ a máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà tí kò ní ásíìdì kó tó lẹ̀ ẹ́.