Ẹ̀bùn Ọ̀mọ̀wé lórí Ọmọ Ènìyàn àti Ìyípadà Àyíká: Láti Saint-Dié dé Challenge ní Ìlọrin

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn bí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé àgbáyé ti ń fi ẹ̀bùn dá àwọn olùwádìí lọ́lá lórí ọ̀ràn àyíká, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ojú wọn tó kúrò lójú sánmà kí ó tó bà lé ọmọ ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú ìwé àwọn olùkọ́ èdè. Ní èrò tiwa, ọ̀ràn èdè wà nínú ìtàn náà ju bí àwọn tí ń kọ ọ́ ti máa ń sọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Ìlọrin, ará àdúgbò Challenge kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìròyìn rẹ̀ fún un. Eruku a bo ọjà àwọn tí ń pàtẹ lẹ́bàá títì, ètè a là, àwọn awakọ̀ a sì tan iná ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Kò dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń nu eruku náà kúrò lórí ọjà wọn mọ̀ pé àwọn onímọ̀ òkèèrè mọ ọyẹ́ Ìlọrin bí ẹní mowó. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láti wọn ìtànṣán oòrùn tí ó ń dé ilẹ̀. Ní 1998, wọ́n fi ti AERONET kún un, èyí tí ń wọn eruku àti èéfín tí ó dúró lójú sánmà. Láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú eruku náà ti ń fẹ́ wá. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tí ó ṣe é sì yẹ fún ọlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bi oníṣòwò léèrè ohun tí eruku gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀ràn ẹ̀bùn àgbáyé náà ti rí nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Láti 1901 ni wọ́n ti ń fúnni ní Ẹ̀bùn Nobel, kò sì sí èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyíká tàbí fún ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Ìgbà tí ọ̀ràn àyíká yóò wọlé, ẹnu ọ̀nà kẹ́mísírì ni ó gbà. Ní 1995, Paul Crutzen, Mario Molina àti Sherwood Rowland gba ẹ̀bùn náà nítorí ìwádìí wọn lórí bí àwọn gáàsì kan ṣe ń ba ozone jẹ́, èyíinì ni ìpele tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ó léwu. Ti físíìsì dé ní 2021, fún Syukuro Manabe àti Klaus Hasselmann. Ní àárín méjèèjì ni ọmọ ènìyàn tó yọjú. Ní 2007, ẹ̀bùn àlàáfíà kan IPCC, ìgbìmọ̀ tí àwọn ìjọba àgbáyé gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ìwádìí lórí ìyípadà ojú ọjọ́ wò, àwọn àti Al Gore ni wọ́n sì jọ pín in. Ní 2009, Elinor Ostrom di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gba ti ètò ọrọ̀ ajé. Ohun tí obìnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ni bí àwọn ará ìlú ti ń ṣe ìtọ́jú omi, igbó àti ẹja tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn, láìjẹ́ pé ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn tàbí pé ẹnì kan rà á tán. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹbí ti ń pín ilẹ̀ oko, tí ó sì mọ èèwọ̀ odò nílùú rẹ̀, kò ní rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan ni ó yí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé padà. Ní 1990, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ dá ètò ìwádìí kan sílẹ̀ lórí ipa ọmọ ènìyàn nínú ìyípadà àyíká káríayé. Ní 1996, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dara pọ̀ mọ́ wọn, ètò náà sì di èyí tí a mọ̀ sí IHDP, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bonn ní Jámánì títí iṣẹ́ rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ Future Earth ní 2014. START, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ni ó gba ọ̀nà mìíràn: owó ìwádìí ni ó ń wá fún àwọn olùwádìí Áfíríkà. Lójú tiwa, irú owó bẹ́ẹ̀ níye lórí ju góòlù tí a fi kọ́ ọrùn àgbà lọ, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó ń bá olùwádìí.

Ẹ̀bùn tí ó kan ilé wa gan-an ti ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé wá. Saint-Dié ni orúkọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Vautrin Lud àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó kó jọ ti tẹ ìwé kan jáde ní 1507, nínú èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe ilẹ̀ tuntun tí àwọn ará Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé ni gbogbo ayé ń pè títí di òní. Láti 1991 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Vautrin Lud fún àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì ní ẹ̀bùn níbẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa pè é ní Nobel ti jọ́gíráfì. Gilbert White wà lára àwọn tí ó gbà á ní 1992. Òun ni ó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé bí omíyalé bá ti ọwọ́ òjò wá, àdánù rẹ̀ ti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi wá pẹ̀lú. Milton Santos, ọmọ ilẹ̀ Bahia ní Brazil, gbà á ní 1994.

Ní 2017 ni ó kan Akin Mabogunje, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Kano ni wọ́n ti bí ọmọ Yorùbá yìí ní 1931. Ó kàwé ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Láàárín 1980 sí 1984, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì ní gbogbo àgbáyé. Ó di olóògbé ní oṣù kẹjọ 2022.

Kí ni ó ṣe tí ẹ̀bùn fi tọ́ sí i? Ìlú Yorùbá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlú Yorùbá jáde ní 1962, èyí tí ó kọ lórí ìlú ńláńlá ní gbogbo Nàìjíríà jáde ní 1968. Òun àti Omer-Cooper sì jọ kọ ìtàn Òwu ní 1971. Ní 1970 ni ó tẹ àpilẹ̀kọ tí ó mú orúkọ rẹ̀ kàn jáde, lórí bí àwọn ará oko ti ń ṣí lọ sí ìlú. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí ó lọ ti lọ. Mabogunje ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí àti abúlé ní agbára lórí ẹni tí yóò lọ. Ìlú ní agbára lórí ẹni tí yóò dúró. Ìròyìn tí àlejò sì fi ránṣẹ́ sílé ni yóò fa ẹlòmíràn jáde tàbí tí yóò dá a padà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìlọrin, níbi tí Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe àti Bàrùbá ti wá di ará ìlú kan náà, yóò rí i pé ohun tí ó ń wí kì í ṣe àròsọ. Ní 1978, ó bá àwọn mìíràn ṣe ìwé kan fún SCOPE, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí ìṣòro àyíká, nípa ilé gbígbé ní àwọn ilẹ̀ tí ń dàgbà sókè. Nígbà tí àwọn mìíràn bá ń sọ̀rọ̀ àyíká bí ọ̀ràn igbó àti ẹranko nìkan, yàrá tí ènìyàn ń sùn sí ni òun ń wò.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò parẹ́. Nígbà tí odò Ògùn kún bo apá kan Abẹ́òkúta ní 2007, Ibidun Adelekan ti Yunifásítì Ìbàdàn tọ àwọn tí omi wọlé wọn lọ láti wádìí ohun tí ó sọ wọ́n di ẹni tí omi lè ṣẹ́gun. Ìwádìí náà jáde ní 2011.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè. Bí a bá bi àgbẹ̀ tàbí ìyá ọlọ́jà léèrè ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Yorùbá ni yóò fi dáhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a óò fi kọ ọ́, èyí tí a kọ náà ni ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn yóò kà. Àgbẹ̀ tí ó sọ̀rọ̀ kò lè ka èsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ní èdè-ìperí tí ọmọ rẹ̀ lè fi kọ́ ọ nílé ìwé. Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é. Láti 1970 ni ètò Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984. Awóbùlúyì, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe ti èkejì ní 1990. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n gbájú mọ́, bí ó ti yẹ nígbà náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan péré. Rédíò ń pè é ní ìyípadà ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ a máa yí padà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ kan ní Challenge, yóò gbójú sókè wò bóyá òjò ṣú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni bí òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ti máa ń rí fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn: wọ́n ń sọ pé àkọ́rọ̀ kò tètè dé mọ́, pé àrọ̀kúrò kò dúró pẹ́ bí ti àtijọ́. Ìgbà ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ọjọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ṣe ìwé èdè-ìperí lórí àyíká, a dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ lọ gba ọ̀rọ̀ àkọ́rọ̀, àrọ̀kúrò, ọ̀dá àti ọyẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń lò wọ́n, ní oko àti ní ọjà, kí a sì kọ orúkọ ìlú àti ọdún tí a gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.