Pípín ìró sí òsì àti ọ̀tún

Pípín ìró sí òsì àti ọ̀tún, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ń pè ní pan, ni ọ̀nà tí a fi ń yan ibi tí etí yóò ti máa gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan nínú orin tàbí ètò sitẹ́rió. Ọ̀nà ìró méjì ni sitẹ́rió ní, ọ̀kan fún sípíkà òsì, ọ̀kan fún ti ọ̀tún. Èyí tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni à ń pè ní mónò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá di ojú ní agbo àríyá kan ní Ìjió, ní Òkè-Ògùn, yóò ṣì mọ ibi tí oníyàálù dúró sí àti ibi tí onígúdúgúdú wà. Ìró tí ó ti apá kan wá máa ń kọ́kọ́ dé etí tí ó sún mọ́ ọn, ó sì máa ń ròkè níbẹ̀ ju ti etí kejì lọ. Ìyàtọ̀ àkókò náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n. Pan kì í sábà fọwọ́ kan àkókò. Bí ìró ṣe ròkè tó ní apá kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ń yí padà. Bí ohùn kan náà bá ti inú sípíkà méjèèjì jáde bákan náà, àárín ni etí yóò gbé e sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí sípíkà kankan níbẹ̀.

Ohùn tí ó wà ní àárín máa ń dà bíi pé ó lágbára ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà fi ń dín ti àárín kù ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 3. Audacity, ètò ọ̀fẹ́ tí ó jáde ní ọdún 2000, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá fa pan rẹ̀ sí òsì, ọ̀tún nìkan ni ó ń dínkù. Bí ohun tí à ń tún ṣe bá ti jẹ́ sitẹ́rió tẹ́lẹ̀, ewu wà níbẹ̀, nítorí ìlù tí ó wà ní ọ̀tún nìkan kò ní sún sí òsì. Yóò pòórá ni.

Ìtàn

Alan Blumlein, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní EMI, ni ó béèrè fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí sitẹ́rió ní 1931. Ní 1940, fíìmù Fantasia ti Walt Disney gbé ìró káàkiri inú gbọ̀ngàn sinimá. Àwo Drums of Passion ti Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960 ní mónò àti ní sitẹ́rió.

Nínú orin ìlù

A lè ya omele, kẹríkẹrì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n má baà bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ìyáàlù ló yàtọ̀. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà. Àárín tàbí ibi tí kò jìnnà sí i ló tọ́ sí i. Bí a bá tì í pátápátá sí òsì, ẹni tí ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ ọ̀tún nìkan sí etí yóò gbọ́ ijó láìgbọ́ oríkì. Lórí rédíò kékeré tàbí fóònù onísípíkà kan, níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti ń dà pọ̀, ohun tí a tì sí ẹ̀gbẹ́ yóò relẹ̀ sí ti àárín. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ náà ní mónò kí a tó gbé e jáde.