Nígbà tí Ẹ̀dà Méjì Kò Bá Bára Mu: Ìwádìí Àṣìṣe nínú Dísìkì Ìbejì

Dísìkì ìbejì ni orúkọ tí a ó máa lò níhìn-ín fún ètò ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì. Ní ọdún 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California ní Berkeley, tẹ àpilẹ̀kọ tí ó fún irú ètò yìí ní orúkọ RAID. Dísìkì ìbejì ni ìpele kìíní rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ.

Ikú dísìkì kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tí ó le ni kí méjèèjì wà láàyè, kí ohun tí ó wà nínú wọn má sì dọ́gba. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ekiadolor, lẹ́bàá Benin City, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì ìbejì. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí dísìkì kan ti kọ tirẹ̀ tán tí èkejì kò tíì kọ, ẹ̀dà méjèèjì yóò yàtọ̀. Linux a máa mú wọn dọ́gba padà bí iná bá dé. Ṣùgbọ́n mẹ́mórì tí ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí dísìkì tí ó sọ pé òun ti kọ ohun tí òun kò kọ, kì í kéde ara rẹ̀. Nítorí pé orí èyíkéyìí nínú méjèèjì ni kọ̀ǹpútà lè ti ka fáìlì, ohùn bàbá àgbà lè dún ketekete lónìí, kí ó sì máa já lọ́la.

Láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà, a ó kọ ọ̀rọ̀ náà check sínú fáìlì sync_action ti ètò náà. Linux yóò ka dísìkì méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì kọ iye ìyàtọ̀ sínú mismatch_cnt. Òdo ni a ń retí. Bí a bá rí 128, kí àyà má já wa jù: báìtì 512 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún, ṣùgbọ́n òkìtì ńlá ni a ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo nínú kílóbáìtì 64 ni ìyàtọ̀ náà wà. Apá swap, níbi tí kọ̀ǹpútà ń gbé ohun tí mẹ́mórì kò gbà sí fúngbà díẹ̀, sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láìsí ewu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé mismatch_cnt ń sọ pé ẹ̀dà méjì ń jà. Kò sọ ẹni tí ó jàre. Àṣẹ repair kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú: ńṣe ni ó ń fi ọ̀kan bo èkejì. Bí èyí tí ó bàjẹ́ bá ni ó yàn, ohùn tí ó pé ti lọ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tí ó pa àṣẹ repair kí ó tó wádìí ti kánjú. Kí a kọ́kọ́ da fáìlì kọ sí ibòmíràn, kí a fi smartctl yẹ ìlera dísìkì kọ̀ọ̀kan wò, kí a fi Memtest86+ dán mẹ́mórì wò, lẹ́yìn náà kí a ka dísìkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láìkọ ohunkóhun sí i. Bí a bá ti fi sha256sum ṣe àkọsílẹ̀ fáìlì láti ọjọ́ tí a ti gbà á, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí.

ZFS àti Btrfs ti kọ́ ẹlẹ́rìí náà mọ́ra. Wọ́n ń ṣírò iye kan láti inú dátà, wọ́n sì ń pa á mọ́ lọ́tọ̀. Nítorí náà àṣẹ scrub wọn mọ ẹ̀dà tí ó purọ́, ó sì ń fi ojúlówó tún un ṣe.