Àrùn Èrìgì Nínú Ẹbí: Ohun Tí À Ń Jogún àti Ohun Tí A Kò Jogún

Ìfáárà

Bí eyín bàbá bá tètè ń mì, tí ti ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn ará ilé á ní bí ìran àwọn ṣe rí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn eyín kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé bí ara ṣe ń gbógun ti kòkòrò ìdí eyín ni òbí fi ń ran ọmọ. Kòkòrò náà àti ìtọ́jú ẹnu ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà wọ inú ẹbí. Ẹbí tó bá mọ èyí kò ní gba kámú.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Bakitéríà máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ní ìpele-ìpele. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, èrìgì á wú, á pọ́n, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí dé ibí yìí, ìmọ́tótó lè mú un padà bọ̀ sípò. Lára àwọn kan, wíwú náà á wọ inú lọ: èrìgì á ṣí kúrò lára eyín, egungun tó di eyín mú á sì máa jẹ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló máa ń ṣáájú dé ojú ìjà. Àmọ́ àwọn èròjà tí ara ń tú jáde lásìkò ìjà yìí, irú bí interleukin-1, tún ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ egungun sókè. Púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà, ara ẹni ló ń ṣe é.

Ẹ̀rí láti oko tíì àti lára ìbejì

Ní 1970, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò ẹnu 480 ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní oko tíì ní Sri Lanka. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í rí ìtọ́jú eyín gbà, ìdọ̀tí sì bo eyín gbogbo wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àbájáde jáde ní 1986, àrùn náà ti yára ba egungun eyín jẹ́ lára ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń rìn níwọ̀nba lára ìdá 81, kò sì kọjá èrìgì wíwú lára ìdá 11. Bí ìdọ̀tí bá rí bákan náà tí ìbàjẹ́ sì yàtọ̀ tó báyìí, ìdọ̀tí nìkan kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìbejì ni Bryan Michalowicz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wá ìdáhùn ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo ní jíìnì kan náà. Àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì, irú èyí tó pọ̀ ní Igbó-Ọrà, kò ju bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra lọ. Lára 117 ìbejì méjì-méjì tí wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní 2000, nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn nínú àrùn èrìgì tó wọ inú lọ ni àjogúnbá ṣàlàyé. Ti èrìgì wíwú lásán kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n ro sìgá mímu àti lílọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín mọ́ ọn, wọn kò rí ẹ̀rí àjogúnbá kankan.

Nígbà tí jíìnì kan bá bàjẹ́

Àwọn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ló jẹ́ kí a rí bí àjogúnbá ṣe ń gba ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ṣiṣẹ́. Ní 1924, Papillon àti Lefèvre, oníṣègùn méjì ará Faransé, ṣàpèjúwe àìsàn kan tí ń mú àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ le kí ó sì nípọn. Eyín wàrà àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu tí yóò fi re, eyín àgbà náà sì máa ń tẹ̀ lé e. Ní 1999 ni a mọ̀ pé jíìnì CTSC ló bàjẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, neutrophil á dé ojú ogun láìsí ohun ìjà tó múná. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba jíìnì tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kí àìsàn náà tó hàn.

Nínú àìsàn mìíràn, jíìnì ITGB2 ló ní àbùkù, neutrophil kò sì lè jáde láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ lọ sínú èrìgì. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti rò pé bakitéríà tí kò rí ẹni dá a lẹ́kun ló ń jẹ egungun náà. Ní 2014, Niki Moutsopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé interleukin-17 tó pọ̀ jù ló wà nídìí rẹ̀, nítorí kò sí neutrophil tí yóò sọ fún ara pé ó tó. Ní 2017, oògùn ustekinumab, tó ń dí ọ̀nà interleukin náà, mú kí èrìgì aláìsàn kan bọ̀ sípò.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, jíìnì púpọ̀ ló ń pawọ́ pọ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Jíìnì interleukin-1 tí a gbé lárugẹ ní 1997 kò fi èsì kan náà hàn láàárín gbogbo ìran ènìyàn.

Kòkòrò tí ń gba inú itọ́ kọjá

Ìwádìí Dorte Haubek ní Rabat, Mòrókò, tó jáde ní 2008, kìlọ̀ fún wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rìn nínú ẹbí ni jíìnì fà. Àwọn ọ̀dọ́ tí oríṣi JP2 ti bakitéríà Aggregatibacter actinomycetemcomitans nìkan wà lẹ́nu wọn ní ewu àrùn èrìgì ní ìlọ́po 18 ju àwọn tí kò ní bakitéríà náà lọ. Májèlé tí oríṣi yìí ń tú jáde láti pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ gan-an. Àwọn olùwádìí gbà pé Àríwá Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, pé òwò ẹrú sì gbé e dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Itọ́ ni ó ń gbà láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nítorí náà, bí eyín iwájú àti eyín ńlá ẹ̀yìn bá ń mì lẹ́nu ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, kò yẹ kí a kánjú sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀ ló fà á.

Ìkádìí

Ìlànà pípín àrùn èrìgì sí ìsọ̀rí tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2018 ń wo bí àrùn náà ṣe le tó àti bí ó ṣe ń yára tó, ó sì ka sìgá àti àtọ̀gbẹ mọ́ ohun tí ń mú un yára. A lè jáwọ́ nínú sìgá, a lè tọ́jú àtọ̀gbẹ, a sì lè fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdí eyín. Àjogúnbá nìkan ni a kò lè pààrọ̀, àmọ́ ó ń sọ ẹni tó yẹ kí a tètè yẹ̀ wò. Bí oníṣègùn bá rí àrùn yìí lẹ́nu ọ̀dọ́ kan, kí ó ní kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò èrìgì àti egungun eyín, bí kò tilẹ̀ tíì sí ohun tó ń dùn wọ́n.