Àwòrán Tí Ń Rìn àti Ojú Òǹwòran: Láti Ilé Sinimá Rex ní Sabon Gari

Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti ìhà gúúsù, tí àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ Rex sí ní 1937, ilé sinimá àkọ́kọ́ ní Kánò.

Àwọn òǹwòran gbà pé àwòrán ń rìn lára aṣọ funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán 24 tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹ̀rọ sinimá ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ ni ó ń so wọ́n pọ̀ di ìrìn. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ṣẹ́jú nígbà 24 péré, ojú yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì rẹ̀ ẹ́. Nítorí èyí ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní abẹ́bẹ̀ irin kan tí ń yí níwájú iná, tí ó ń mú kí àwòrán kọ̀ọ̀kan tàn lẹ́ẹ̀mejì. Iye àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tàn nígbà 48, ojú sì rí ìtura.

Nígbà tí amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tí ti Kàdúná sì tẹ̀ lé e ní 1962, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò. Àwòrán 25 ni ó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà méjì-méjì: ìdajì ìlà kọ́kọ́ hàn, ìdajì kejì tẹ̀ lé e. Báyìí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú ẹ̀rọ kọjá nígbà 50.

Lónìí, àwọn oníṣòwò ń polówó fóònù tí ń tún àwòrán ṣe nígbà 60, 90 tàbí 120. Òtítọ́ ni pé bí iye náà ti ń pọ̀ sí i ni ìrìn àwòrán ń dán sí i. Ṣùgbọ́n àwòrán fóònù kì í ṣókùnkùn kí òmíràn tó dé, bí ti sinimá. Nítorí náà, ìtura ojú kò sí nínú iye yẹn nìkan. Àwọn fóònù kan wà tí ó jẹ́ pé títan àti pípa iná wọn léraléra ni wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bákan náà, ẹni tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ, ojú rẹ̀ a sì gbẹ.

Ẹ̀kọ́ abẹ́bẹ̀ irin kò tíì di àtijọ́: ọ̀tọ̀ ni kí àwòrán rìn dáadáa, ọ̀tọ̀ ni kí ojú sinmi. Ẹni tí ó bá ra 120 nítorí ìrora ojú, tí kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀, kò tíì ra ìtura.